Abẹ Àpọ́nlò àti Abẹ Àlòsọnù

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí kò kan orí nìkan. Ó kan abẹ pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó ni orí ni ó yẹ kí ó mọ irú abẹ tí yóò kàn án lára, ibi tí abẹ náà ti wá, àti ọwọ́ tí ó pọ́n ọn. Ní ayé òde òní, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò mọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn a ra abẹ oníke ní ọjà, wọn a fi í fá irùngbọ̀n ní ìgbà díẹ̀, wọn a sì jù ú sí ààtàn. Síbẹ̀, àwọn kan ti ń padà sí abẹ ayé àtijọ́, èyí tí a ń pọ́n, tí a ń ká sínú èkù rẹ̀, tí baba sì lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Kí ìdí rẹ̀ tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí a tọpasẹ̀ ìtàn abẹ ìfárùngbọ̀n, kí a sì wo ẹni tí iṣẹ́ pípọ́n rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ abẹ. Onígbàjámọ̀ ni ó ń fi í fá orí àti irùngbọ̀n; olóólà ni ó sì ń fi tirẹ̀ kọ ilà. Ọmọ Ògún ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ara irin ni wọ́n ti ń jẹun. Iṣẹ́ ńlá ni abẹ ń ṣe láwùjọ: òun ni a fi ń fá orí ọmọ tuntun, òun ni a fi ń fá orí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, òun náà ni a sì fi ń fá orí ẹni tí a fẹ́ dá òṣù fún kí ó tó di ìyàwó òrìṣà. Onígbàjámọ̀ tí abẹ rẹ̀ kò bá mú, ẹ̀kún ni yóò bá bọ̀ láti ibi iṣẹ́, nítorí náà òkúta ìpọ́nbẹ kì í jìnnà sí i. Èdè Yorùbá pàápàá pa ìtàn yìí mọ́. Abẹ ni orúkọ èyí tí ó nípọn, tí alágbẹ̀dẹ rọ. Nígbà tí èyí tí ó fẹ́lẹ́ bí ewé dé láti òkè òkun, abẹfẹ́lẹ́ ni wọ́n pè é. Èyí tí ó nípọn ṣeé pọ́n títí. Èyí tí ó fẹ́lẹ́, bí ojú rẹ̀ bá ti lọ, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn.

Ní Yúróòpù, ara irin ni abẹ tí a ń ká ti gba ògo rẹ̀. Ní nǹkan bí 1740, Benjamin Huntsman, ẹni tí aago ṣíṣe jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, rí ọ̀nà láti yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ ní ẹ̀bá Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí irin náà fi le, tí ó sì dọ́gba jálẹ̀jálẹ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni a lè pọ́n títí yóò fi gé irun láìfa á tu. Sheffield, àti Solingen ní Jámánì, wá di ìlú tí òkìkí abẹ wọn kàn ká ayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù abẹ mímú kì í jẹ́ kí gbogbo ènìyàn fá irùngbọ̀n ara wọn. Ní 1769, Jean-Jacques Perret, arọbẹ kan ní Paris, ṣe ìwé kan láti kọ́ àwọn ọkùnrin bí wọn yóò ti máa fá irùngbọ̀n fúnra wọn, ó sì ronú abẹ kan tí igi bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó má baà wọ inú ẹran ara. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kí irú èrò bẹ́ẹ̀ tó gbilẹ̀.

Ní gbogbo àkókò náà, ọwọ́ onígbàjámọ̀ ni agbára abẹ wà. Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere tó ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú, àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti gba òmìnira, ti mú iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tí òyìnbó kò jẹ́ bá jẹun lórí tábìlì kan náà ni òyìnbó ń na ọrùn fún láàárọ̀, tí ó sì di ojú rẹ̀ nígbà tí abẹ bá dé ọ̀fun! Alonzo Herndon, tí a bí sínú ẹrú ní Georgia ní 1858, fi abẹ di ọlọ́rọ̀ ní ìlú Atlanta. Ní 1905 ó bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí a wá mọ̀ sí Atlanta Life. John Merrick, tí a bí sínú ẹrú ní North Carolina ní 1859, jẹ́ onígbàjámọ̀ ní Durham. Ní 1898 òun náà wà lára àwọn tí ó dá North Carolina Mutual sílẹ̀. Owó tí ó ti ojú abẹ jáde ni ó di ààbò fún àwọn opó àti ọmọ òrukàn àwọn ènìyàn wọn. Ohun tí ó so owó náà mọ́ wọn lọ́wọ́ ni ìmọ̀: oníbàárà lè ra abẹ, ṣùgbọ́n kò lè ra ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n pọ́n, tí ó sì mọ̀ ọ́n lò.

Ọkùnrin tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni King Camp Gillette, ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1855. Ọjà ni ó ń tà fún ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ìdérí ìgò. Ọ̀gá rẹ̀, William Painter, ẹni tí ó dá ìdérí náà sílẹ̀, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó wá ohun kan tí ènìyàn yóò lò, tí yóò jù nù, tí yóò sì tún padà wá rà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní 1895, Gillette fẹ́ fá irùngbọ̀n, abẹ rẹ̀ kò sì mú mọ́. Ibẹ̀ ni ó ti ronú pé bí irin bá fẹ́lẹ́ tó, tí owó rẹ̀ sì kéré tó, kí ni a tún ń pọ́n ọn sí? Ọdún mélòó kan kọjá kí William Nickerson, onímọ̀ ẹ̀rọ, tó bá a mú irin náà le bí ó ti yẹ. Ní 1903 tí títà bẹ̀rẹ̀, abẹ 51 péré ni ó tà, pẹ̀lú abẹfẹ́lẹ́ 168. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, abẹ tí ó tà lé ní 90,000. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ní 1917, ìjọba ra abẹ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun, tí iye rẹ̀ tó 3,500,000. Àwọn ọmọkùnrin tí wọn ì bá máa lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kọ́ bí a ti ń fá irùngbọ̀n nínú ihò ogun, wọ́n sì mú àṣà náà bọ̀ wálé.

Láti ìgbà náà, ìlà kan náà ni ọ̀rọ̀ ń tọ̀. Ní 1971 ni abẹ olójú méjì dé. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Bic gbé abẹ oníke tí a ń jù nù tòun ti èkù rẹ̀ jáde. Ní 1998, abẹ di olójú mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ àǹfààní wọn. Wọ́n yá, wọ́n rọrùn, wọn kì í sì í tètè dá ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí a sọ ojú abẹ níkòó: abẹ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń pọ́n ọn, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Àwọn tí irun wọn ká sì ní ẹ̀dùn mìíràn. Abẹ olójú púpọ̀ a máa fa irun sókè kí ó tó gé e, gbòǹgbò rẹ̀ a sì padà wọ abẹ́ awọ ara. Bí ó bá tún ń hù, a ká, a gún ara láti inú, kókó wẹ́wẹ́ a sì sú bo àgbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin dúdú ni ó mọ ìyà yìí. Abẹ olójú kan kì í sábà gé irun jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń padà sí abẹ àpọ́nlò. Ìpadàbọ̀ náà kò rọrùn. Owó rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó bá sì ń kánjú yóò fi ẹ̀jẹ̀ san án. A ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ rọ irun. A ó fi ọwọ́ kan na awọ ara. Abẹ kò ní dùbúlẹ̀ pátápátá, kò sì ní nàró. Lẹ́yìn náà, a ó nù ún gbẹ nítorí ìpẹtà. Kí a tó tún lò ó, a ó fà á lórí awọ, ẹ̀yìn abẹ ni yóò sì máa ṣáájú kí ojú rẹ̀ má baà gé awọ náà. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá, òkúta ló kàn. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò tún ní ìdí láti máa ra abẹ lóṣooṣù.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni ó yẹ kí a gbé padà. Ní ayé ìjọsí, abẹ kan ṣoṣo ni onígbàjámọ̀ fi ń kárí orí púpọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kéde àrùn éèdì ní Nàìjíríà ní 1986, ó hàn sí gbogbo ènìyàn pé ẹ̀jẹ̀ ojú abẹ lè gbé ikú láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn mẹ́dọ̀wú. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, abẹfẹ́lẹ́ tuntun fún orí kọ̀ọ̀kan ti gba ẹ̀mí là, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹnu àtẹ́ lù ú. Abẹ àpọ́nlò tọ́ fún ẹni tí ó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ní ilé rẹ̀, ní ojú ara rẹ̀.

Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí abẹ ti wù kí ó mú tó, ọwọ́ kan ni ó pọ́n ọn: ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, ọwọ́ onígbàjámọ̀, ọwọ́ ẹ̀rọ, tàbí ọwọ́ ẹni tí ó ni àgbọ̀n. Ẹni tí ó bá lè pọ́n tirẹ̀, tí kò sì yá ẹlòmíràn lò, ni a lè sọ pé wọn kò fá orí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.