Omi Ìrèké àti Irin Tí Afẹ́fẹ́ Òkun Ń Jẹ

Kò sí onílé láàrin Lẹkki àti Ajah tí kò mọ ọ̀tá tí ń bá irin ilé rẹ̀ jà. Òkun wà níhà kan, ọ̀sà wà níhà kejì. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́ láàrin méjèèjì, ó sì ń jẹ géètì, páànù àti bóòtù títí wọn yóò fi dógùn-ún.

Ogun náà ti pẹ́. Ní ọdún 1837, Stanislas Sorel, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí ríri irin bọ inú síńkì yíyọ́. Ní 1840, àwọn Elkington ní ìlú Birmingham gba tiwọn lórí fífi iná mànàmáná bo ohun èlò ní wúrà àti fàdákà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bò kì í dán. Ní 1847, Milward àti Lyons gba àṣẹ lórí èròjà kan, carbon disulphide: bí a bá kán díẹ̀ sínú omi fàdákà, fàdákà náà yóò dán. Ayé wá mọ̀ pé èròjà kékeré lè tún iṣẹ́ ńlá ṣe.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí iná bá ń gbé síńkì lọ sára irin, ibi tó yọrí sókè ló ń gbà á jù, yóò sì máa yọrí sí i, títí ara irin yóò fi rí págunpàgun. Èròjà náà a lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, a dí síńkì lọ́nà, síńkì a sì wá ibi kòtò kún. Ìbora yóò tẹ́jú, yóò sì fún pọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Cleophas Loto ti Covenant University, Ọ̀tà, mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi omi ìrèké àti omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó dán an wò nínú omi síńkì oní-ásíìdì, wọ́n sì fi hàn pé àwọn omi wọ̀nyí lè mú kí ìbora náà sunwọ̀n sí i.

Èyí kò sọ pé kí a da omi ìrèké sórí géètì. Ìbora oníná mànàmáná máa ń fẹ́lẹ́. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ló bá mu jù. Irin tó dojú kọ òkun ń fẹ́ èyí tó nípọn, irú ti Sorel. Omi ìrèké pẹ̀lú máa ń kan bó bá pẹ́ nílẹ̀, ti oko kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn. Iṣẹ́ ṣì wà láti ṣe.

Àmọ́ oko ìrèké wà nílé, onímọ̀ wà nílé, irin tí ń jẹrà náà sì wà nílé. Bí ìjọba àti àwọn oníléeṣẹ́ kò bá mú ìwádìí náà kúrò nínú ìwé wá sí ẹnu iṣẹ́, òkun kò ní dúró dè wọ́n.