Ẹrù Tó Kù sí Gánà
Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ ní Gánà pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí tó ti pẹ́ ní Kumasi àti Tamale ń ta aṣọ ìsọ̀ wọn ní owó pọ́ọ́kú. Ilé kò ṣeé rù lérí. Gbèsè tí oníbàárà jẹ wọ́n sì di àwátì.

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tó pàdánù dúkìá nígbà tí Ìráàkì gbógun wọ Kuwait ní 1990. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ìgbìmọ̀ gbà-máà-bínú sílẹ̀ ní 1991. Owó epo Ìráàkì ni wọ́n fi san bílíọ̀nù 52.4 dọ́là, títí di 2022. Àwọn tó sá kúrò ní Gánà kò rí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀.