Bí Àwọn Baba Wa Ti Rí Iṣẹ́ Ṣe ní Ilẹ̀ Sàró

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú onílùú kò mọ ọjà tí a ń ná ní òwúrọ̀, kò mọ èyí tí a ń ná ní alẹ́; kò mọ ẹni tí í gbani síṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tí í jẹ owó ọ̀yà mọ́ni lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ lè mọ iṣẹ́ dáradára, síbẹ̀ kí ebi máa pa á ní ẹ̀bá ọ̀nà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ wọ̀nyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń fojú sí òkè òkun, tí àwọn òbí mìíràn sì ń ta ilẹ̀ kí ọmọ lè rí owó ọkọ̀ san, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: kí ni í sọ àlejò di ẹni tí ń jẹ nínú òógùn ojú ara rẹ̀? A kò ní wá ìdáhùn lọ jìnnà. Àwọn ará wa kan ti bá ọ̀ràn yìí pàdé ní ìlú Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ní ohun tí ó tó 200 ọdún sẹ́yìn, kì í sì í ṣe ìfẹ́ inú ara wọn ni ó gbé wọn dé ibẹ̀.

A mọ bí ilẹ̀ Yorùbá ti rí nígbà tí agbára Aláàfin ń lọ sílẹ̀. Ogun tẹ̀lé ogun. Òwu fọ́, àwọn ìlú Ẹ̀gbá tú ká, a sì ń ta àwọn tí a kó lẹ́rú fún àwọn olówò etí òkun. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, wọ́n sì ti rán ọkọ̀ ogun sí ojú òkun láti máa dá àwọn ọkọ̀ ẹrú lọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀, Freetown ni wọ́n ń mú wọn lọ, ilé-ẹjọ́ tí ń bẹ níbẹ̀ ni yóò sì dá àwọn tí ó wà nínú wọn sílẹ̀. Kí iṣẹ́ náà tó parí, àwọn tí a sọ̀kalẹ̀ báyìí ní Sàró ju 80,000 lọ. Lẹ́yìn 1820, ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn gidigidi. Nítorí pé "ẹ kú" ni a ń gbọ́ lẹ́nu wọn nígbà gbogbo bí wọ́n ti ń kí ara wọn, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí pè wọ́n ní Akú.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé Akú kan láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. A ó kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ọgbà kan tí à ń pè ní Àgbàlá Ọba. A ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé. A ó fún wọn ní oúnjẹ àti aṣọ díẹ̀. Bí ó ti ṣe alágbẹ̀dẹ ní ilé ni o, bí ó ti ṣe ahunṣọ ni o, bí ó sì ti ṣe ọmọ ìjòyè ni o, èyíinì kò yí ohun tí a ó fi í ṣe padà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara wọn le, a fi wọ́n ṣe ọmọ-ogun. Àwọn ọmọdé, a fi ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ti tẹ ìlú náà dó, èyíinì ni àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti Nova Scotia wá ní 1792 àti àwọn tí ó ti Jamaica wá ní 1800. Àwọn ìyókù, a pín wọn sí àwọn abúlé tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè láti máa ro oko.

Kí a má ṣe rò pé ohun dídùn ni gbogbo èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá gba ọmọ kan sí iṣẹ́ ń san owó lé e lórí, ọmọ náà yóò sì sìn ín fún ọdún púpọ̀. Gómìnà Thompson, tí ó dé ní 1808, wò ó pé ìrú èyí kò jìnnà sí oko ẹrú, ó sì ta kò ó. Nígbà tí ó fi di 1810, a ti pè é padà sí Ìlú Òyìnbó. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún àròjinlẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àlejò rí, kì í ṣe èyí tí ó yàn. Ẹlòmíràn ni ó yàn án fún un, nítorí àǹfààní ẹlòmíràn.

Kí ni ó wá ṣí ilẹ̀kùn fún wọn? Ohun kìn-ín-ní ni iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà Gómìnà Charles MacCarthy, láàárín 1814 àti 1824, a dá ọ̀pọ̀ abúlé sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Regent, Gloucester, Bathurst, Wellington, Hastings àti Waterloo, a sì fi àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ C.M.S. ṣe alábòójútó púpọ̀ nínú wọn. Ilé-ìsìn wà láti kọ́, afárá wà láti tẹ́, òkúta wà láti gbẹ́, pákó wà láti là. Ẹni tí ó bá mọ ayùn í dì mú, kò ní pẹ́ kí a tó mọ orúkọ rẹ̀. Gbogbo wa mọ Àjàyí Crowther gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó mọ̀ pé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó kọ́kọ́ kọ́. A mú un ní Òṣogùn ní 1821. Ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní oṣù Okúdù 1822. A mú un lọ sí Bathurst, níbẹ̀ ni ó gbé ń kọ́ ìwé tí ó sì ń kọ́ iṣẹ́ igi pọ̀.

Ohun kejì ni èdè. Nínú ọjà Freetown, Akú, Ígbò, Tápà, Haúsá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n ń pàdé. Míṣọ́nnárì Koelle, tí ó gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí 1850, rí àwọn tí ń sọ èdè tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé ńlá kan ní 1854. Ẹni tí kò bá gbọ́ ju èdè ilé rẹ̀ lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ni yóò máa bá ṣòwò. Ẹni tí ó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì lè kọ lẹ́tà, ilé ìjọba àti ilé oníṣòwò ń wá a. Nítorí náà ni àwọn òbí tí kò mọ̀wé fi ń fi ìṣẹ́ kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827, láti ibẹ̀ ni ó sì ti di olùkọ́, kí a tó fi í joyè àlùfáà ní 1843, àti bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Ohun kẹta, tí a rò pé ó ju méjì ìṣáájú lọ, ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Akú kò rí ẹni tí yóò gbà wọ́n síṣẹ́. Wọ́n gbé agbọ̀n lé orí. Wọ́n ń ru igi ìdáná àti gbágùúdá láti abúlé wá sí Freetown; èrè díẹ̀ tí wọ́n bá rí, wọn a fi ra abẹ́rẹ́, okùn ìránṣọ àti tábà, wọn a sì kiri í padà lọ. Nígbà tí ìjọba bá ń lu ọkọ̀ ẹrú tí a gbà àti ẹrù inú rẹ̀ ní gbàǹjo, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí owó rẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n wọn a da owó pọ̀, wọn a rà á lápapọ̀, wọn a sì pín ẹrù náà láàárín ara wọn. Èsúsú tí a ń dá ní ilé ni wọ́n gbé dé ibẹ̀. Títí di òní ni orúkọ náà ń bẹ ní Sàró, ó sì ń bẹ ní erékùṣù Trinidad ní òdìkejì òkun, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní súsú. Ẹ wò ó: ẹni tí a já ní ìhòòhò láti inú ọkọ̀ ẹrú kò mú ohunkóhun wá, àfi ohun tí ó wà ní orí rẹ̀. Èsúsú wà nínú ohun tí ó wà ní orí.

A rí àpẹẹrẹ iṣẹ́ yìí nínú ayé John Ezzidio, ẹni tí í ṣe ọmọ Tápà, aládùúgbò wa. Ó gúnlẹ̀ ní 1827. A fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ó ní ìsọ̀. Láti ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú ìsọ̀, ó di oníṣòwò fúnra rẹ̀. Ní 1842 ó lọ sí Ìlú Òyìnbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ọjà láti ibẹ̀ wá láìsí alágbàtà. Ní 1845 ó di olórí ìlú Freetown. Ní 1863 àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ yàn án sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹrú ọdún 1827 jókòó láàárín àwọn tí ń ṣe òfin.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí a bá sọ ẹ̀yà kan rẹ̀ nìkan, irọ́ ni yóò dà. Fún Ezzidio kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò kúrò nídìí agbọ̀n. Àwọn kan kú kí ọdún tó yí wọn ká. Láti 1841, a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú àwọn tí a ti dá sílẹ̀ lọ sí Jamaica, Trinidad àti Guyana láti lọ ṣiṣẹ́ alágbàṣe ní oko ìrèké. Àwọn kan lọ tìfẹ́tìfẹ́, àwọn mìíràn kò sì rí ọ̀nà mìíràn. Àwọn tí ó ti tẹ ìlú dó ń fi ojú ẹ̀gàn wo àwọn Akú fún ọdún púpọ̀, wọ́n ń kà wọ́n sí ará oko. Orúkọ pàápàá yí padà. Àjàyí di Samuel Crowther ní ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀ ní 1825. Ti Ezzidio, ahọ́n ọ̀gá rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ wá. Ẹni tí ó bá ń ka iye tí àlejò rí gbà, kí ó má gbàgbé láti ka iye tí ó san.

Ní 1839, àwọn oníṣòwò Akú kan ra ọkọ̀, wọ́n sì kọ ojú sí ilé. Ìyàlẹ́nu ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní Èkó, a ja àwọn kan nínú wọn lólè bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn mìíràn gba Badagry lọ sí Abẹ́òkúta. Ní ilẹ̀ baba wọn, wọ́n tún di àlejò: aṣọ wọn yàtọ̀, ohùn wọn yàtọ̀, "Sàró" ni a sì ń pè wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní àjò ni ó tún là wọ́n. Wọ́n di aránṣọ, gbẹ́nàgbẹ́nà, akọ̀wé, oníṣòwò, olùkọ́. Ọmọ wọn kan tí a bí ní Sàró, Thomas Babington Macaulay, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ọmọ wọn mìíràn, Samuel Johnson, tí a bí ní Hastings ní 1846, ni ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Nígbà tí a ṣí Mọ́ṣáláṣí Ṣítta ní Èkó ní 1894, owó Mohammed Shitta, ẹni tí a bí ní Sàró, ni a fi kọ́ ọ. Ọwọ́ àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé ni ó sì kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa: àwọn tí ìlú ń pè ní àlejò ni ó ń tún ìlú ṣe.

Kí ni a ó rí kọ́? A máa ń wí fún àwọn ọmọ wa pé bí wọ́n bá ti lè ṣiṣẹ́ kára, ohun gbogbo yóò dára. Èyí kò tó. Àwọn Akú tí kò rí jẹ kò ya ọ̀lẹ ju àwọn tí ó rí jẹ lọ. Iṣẹ́ ọwọ́, èdè, àti ará tí yóò dáni mọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni í gbé àlejò ró. Ẹ̀kẹrin sì ń bẹ tí kò sí ní ọwọ́ àlejò rárá: kí onílé fi àyè sílẹ̀. Ní Freetown, òfin kò dí ọjà mọ́ Ezzidio. Bí ó bá dí i ni, ọgbọ́n rẹ̀ kì bá ti mú un kúrò nínú ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Àwa fúnra wa ti rí ìhà méjèèjì. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà, Ìnísà àti Èjìgbò, tí àwọn mìíràn nínú wọn bí ọmọ bí ọmọ-ọmọ níbẹ̀, fi ìsọ̀ àti gbèsè tí a jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì sá wá sílé. A sunkún nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1983, ìjọba Nàìjíríà pẹ̀lú pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ghana ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn olùkọ́ àti bíríkìlà sì wà láàárín wọn. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹ̀gàn náà ní ọjà wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ kan pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kí ó tó di pé ó ń bèèrè ọ̀nà òkè òkun. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹ bá dé ìlú onílùú, ẹ wá àwọn ará yín tí ó ti ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ ẹni tí a lè fi èsúsú lé lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì wà ní ilé, tí àlejò kan bá kan ilẹ̀kùn yín tí ó ń bèèrè iṣẹ́, ẹ bi í ní ohun tí a kò bi àwọn baba wa ní Àgbàlá Ọba: "Iṣẹ́ wo ni o mọ̀ ọ́n ṣe ní ilé?"