Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ti Gbẹ́ Rí

Kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ mi. Màsífà, nítòsí Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni mo ti kọ́ ọ, Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó ni mo sì ti fi jẹun jù. Kí ọ̀gá mi tó jẹ́ kí n di dígà mú, àwọ̀ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ní kí n máa wò. Ilẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn kò kàn rí máa ń wá ní ìpele-ìpele: dúdú lókè, pupa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà yangí, kí a tó kan amọ̀. Èyí tí wọ́n ti gbẹ́ rí tí wọ́n sì dí padà kì í ní ìpele. Dúdú á ti wọnú pupa, yangí wẹ́wẹ́ á fọ́n káàkiri inú rẹ̀, dígà á sì máa wọlé wẹ́rẹ́. Bí o bá ti rí èyí, dúró. Ní Màsífà, ó lè jẹ́ sàréè, ó sì lè jẹ́ kànga àtijọ́ tí ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú kí wọ́n tó bí ọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbé ọkọ́ lélẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé olórí ẹbí tàbí àgbà àdúgbò ti jáde wá tọ́ka sí ibi tó yẹ. Pèrègún tí àwọn bàbá wa gbìn sí ààlà ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń fà á tu.

Ní Èkó, ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ju sàréè lọ, àwọn tó sì lè tọ́ka sí i ti ń tán lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ri ọ̀pá epo mọ́lẹ̀ láti Atlas Cove létí òkun lọ sí Mósímì nítòsí Ṣágámù, tí ó tún ti ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Ẹ̀ka kan yà sí ibùdó epo tó wà ní Èjìgbò ti Èkó. (Bí àwa ọmọ Èjìgbò Ọ̀ṣun bá dárúkọ ìlú wa ní Èkó, ibùdó epo yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò.) Oko àti igbó ni ọ̀pá náà ń gbà kọjá nígbà náà. Ìlú ló wá bá a níbẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ta ilẹ̀, ẹni tó rà á tún un tà. Nígbà tí yóò fi dé ọwọ́ ẹni kẹta, kò sí ẹni tó ń mẹ́nu ba ọ̀pá mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sọnù láàárín ìwé ilẹ̀ kan sí òmíràn.

Ọ̀pá gáàsì náà tẹ̀ lé e. Wọ́n dá Nigerian Gas Company sílẹ̀ ní 1988. Nígbà tó fi di 1989, ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 36 ti ń gbé gáàsì láti Escravos wá sí ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Ẹgbìn. Gáàsì le ju epo lọ ní ọ̀nà kan: fúnra rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 1937, gáàsì jò sábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní New London, ní Texas, láìsí ẹni tó fura. Iná ṣẹ́ lára ẹ̀rọ kan, ilé náà bú gbàù, nǹkan bí 300 èèyàn sì kú. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin Texas ní kí wọ́n máa po nǹkan olóòórùn mọ́ ọn. Òórùn ẹyin dídíbàjẹ́ tí àwọn ìyá wa ní Màsífà ń gbọ́ bí sílíńdà bá ń jò, ikú àwọn ọmọ yẹn ló sọ ọ́ di dandan.

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìjàǹbá ọ̀pá epo ní Èkó, àwọn olè ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Òótọ́ ni. Abúlé Ẹ̀gbá, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 2006: àwọn kan lu ọ̀pá, àwọn ará àdúgbò jáde wá gbọ́n epo, iná sì pa èèyàn tó ju 200 lọ. Ṣùgbọ́n Ìjẹgun ni kì í kúrò lọ́kàn èmi. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2008, olè kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà ni wọ́n ń ṣe. Katapílà ń wú ilẹ̀, irin rẹ̀ sì bá ọ̀pá epo. Iná gba àwọn ilé, ó dé ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí, àwọn ọmọ sì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń sá. Red Cross ní nǹkan bí 100 èèyàn ló kú. Iṣẹ́ tó tọ́, lójú ọ̀sán, ló pa wọ́n. Agbẹ́lẹ̀ bíi tèmi ni ẹni tó wa katapílà yẹn, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn Ìjẹgun, mo ń gbẹ́ kànga fún onílé kan ní Alímọ̀ṣọ́. Mi ò tíì wọlẹ̀ dé ìbàdí tí dúdú fi dà pọ̀ mọ́ pupa níwájú mi. Mo jáde. Onílé bínú, ó ní òun ti san àsansílẹ̀, òun sì ní ìwé. Mo ní kí ó fún mi láyè kí n béèrè. Bàbá kan wà ládùúgbò tó ti dáko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ kí ilé tó dé. Ó mú wa wọ àgbàlá kejì, ó sì fi ọwọ̀n kọ̀ǹkéré kúkúrú kan hàn wá, tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀. Àwọn ará ilé náà so okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí mọ́ ọn. Bàbá ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ri ọ̀pá ló gbé e síbẹ̀. Ó na ọwọ́ láti ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gba orí kòtò mi kọjá. Mo dí ihò náà, mo sì dá owó padà.

Inú òkun pàápàá kò yọ nínú ewu yìí. Àwa ọmọ Èjìgbò Ọ̀ṣun tí à ń gba ojú ọ̀nà lọ sí Àbíjàn mọ Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Àkrà bí ẹni mọ ojúde ilé rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ òkun tó wà lọ́wọ́ òsì wa ni ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà, 678 kìlómítà láti Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn títí dé Takoradi ní Gánà. Ní oṣù Kẹjọ 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ òkun kan wọ́ ọ já ní etíkun Tógò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kí gáàsì tó tún dé Gánà.

Ní Abúlé Àdó ní Èkó, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2020, NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, sọ pé ọkọ̀ ńlá kan ló kọlu àwọn sílíńdà gáàsì nítòsí ọ̀pá epo. Ìbúgbàù náà wó ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College, ọ̀gá àgbà ibẹ̀, Sister Henrietta Alokha, sì kú síbi tó ti ń kó àwọn ọmọ jáde. Èmi ò gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni kí sílíńdà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá epo láàárín àdúgbò. Ẹnì kan ló gbà á láyè.

Ní Amẹ́ríkà, láti 2007, nọ́ńbà kan ṣoṣo, 811, ni ẹni tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ ń pè. Wọ́n á wá fi ọ̀dà sàmì sórí ilẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè ni ti gáàsì. Mo ń bẹ NMDPRA, àjọ tí òfin epo 2021 dá sílẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ bí irú ọ̀pá wọ̀nyí, kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún wa, kí wọ́n sì gbé àwòrán ibi tí ọ̀pá gbà lọ fún gbogbo baálẹ̀, fún àwa agbẹ́kànga, àti fún àwọn tó ń wa katapílà. Ẹ̀yin tó ń ra ilẹ̀ ní Èkó, ẹ wá àgbà tó ti dáko níbẹ̀ kàn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Wọn kò pọ̀ mọ́.