Lúùpù Bol: Iṣẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ìṣirò Ilé-Ifẹ̀ àti Físíìsì Einstein

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìṣirò tí kò bá ti kan ohun tí à ń fojú rí, iṣẹ́ ọwọ́ dídilẹ̀ ni. Ìtàn lúùpù Bol, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lé lórí, já irú èrò bẹ́ẹ̀ ní koro. Ohun tí wọ́n ń wá nínú áljẹ́brà, láìro ti ìmọ́lẹ̀ tàbí átọ́ọ̀mù rárá, òun gan-an ló ń darí bí a ṣe ń ro ìyára pọ̀ nínú físíìsì Einstein.

Bí a bá ń ro 2, 3 àti 4 pọ̀, kò sẹ́ni tí í bèèrè pé èwo ni ká kọ́kọ́ fi sínú àkámọ́, 9 náà ni yóò jáde. Ìyọkúrò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ 4 kúrò nínú 12, kí ẹ tún yọ 3, 5 ló kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́kọ́ yọ 3 kúrò nínú 4, tí ẹ wá yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú 12, 11 ni. Gúrúùpù, tí í ṣe òpó áljẹ́brà òde òní, kò gba irú èyí láàyè, ṣùgbọ́n lúùpù gbà á. Ohun tí lúùpù ń fẹ́ kò ju méjì lọ: kí ẹ̀yà kan wà tí kì í yí òmíràn padà, bíi 0 nínú ìròpọ̀, kí ìbéèrè pé kí ni a ó fi kún èyí tí yóò fi di tọ̀hún sì máa ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ní 1934, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jordan, von Neumann àti Wigner ti ń wá áljẹ́brà tí ipò àkámọ́ ti ń yí èsì padà, kí wọ́n lè fi tún físíìsì kúáńtọ́ọ̀mù gbé kalẹ̀. Ruth Moufang gbé òfin tirẹ̀ lórí àkámọ́ jáde ní Jámánì ní 1935, Gerrit Bol tẹ̀ lé e ní 1937 láti inú jiọ́mẹ́tírì, D. A. Robinson sì sọ lúùpù Bol di ẹ̀kọ́ tó dá dúró ní 1966. Òfin Bol nìyí: ((zx)y)x = z((xy)x). Ìyẹn ni pé bí a bá fi x, y àti x lu z lọ́kọ̀ọ̀kan, èsì rẹ̀ gbọdọ̀ bá ti ẹni tó kọ́kọ́ kó x, y àti x pọ̀ kó tó fi wọ́n lu z mu.

Yunifásítì Ifẹ̀, tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ni B. L. Sharma àti A. R. T. Solarin ti jọ mú iṣẹ́ yìí ní òkúnkúndùn. Ní 1988, ìwé àtìgbàdégbà Communications in Algebra tẹ àpilẹ̀kọ wọn lórí bí a ṣe lè to àwọn lúùpù Bol tí iye ẹ̀yà wọn jẹ́ 3p sí ìsọ̀rí, níbi tí p ti jẹ́ nọ́ńbà tó ju 3 lọ, tí ohunkóhun kò sì lè pín dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ìbéèrè kékeré kọ́ nìyẹn. Bí p bá jẹ́ 5, ẹ̀yà 15 ni lúùpù náà ní, ìṣirò gbogbogbòò tí Kinyon, Nagy àti Vojtěchovský tẹ̀ jáde ní 2017 sì fi hàn pé mẹ́ta péré ló wà, ọ̀kan nínú wọn ni gúrúùpù. Solarin padà di olùdarí National Mathematical Centre ní Abuja. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn kò jẹ́ kí iná náà kú: T. G. Jaiyéọlá kọ odindi ìwé lórí lúùpù ní 2009, J. O. Adéníran sì ṣe tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ní apá kejì, àwọn onífísíìsì ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí láti 1905 láìmọ̀ pé lúùpù ni. Einstein fi hàn pé ìdajì ìyára ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìdajì rẹ̀ kì í jẹ́ odindi, 0.8 ni. Bí àwọn ìyára náà bá kọjú síbi tó yàtọ̀ síra, èyí tí a kọ́kọ́ mú ń yí ibi tí àpapọ̀ wọn kọjú sí padà, ipò àkámọ́ sì ń yí èsì padà. Ìyípo kan ni ìyàtọ̀ náà. Ní 1926, Llewellyn Thomas fi ìyípo yìí yanjú ìṣòro élẹ́ktrọ́ọ̀nù inú átọ́ọ̀mù, tí ìṣirò rẹ̀ ti ń jáde ní ìlọ́po méjì ohun tí ìwọ̀n fi hàn. Ní 1988 kan náà tí àpilẹ̀kọ Ifẹ̀ jáde, Abraham Ungar ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfin áljẹ́brà tó wà nínú ìyípo Thomas síta. Nígbà tó yá, ó hàn pé lúùpù tí wọ́n ń pè ní lúùpù Bruck ni ìròpọ̀ ìyára yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo lúùpù Bruck jẹ́ lúùpù Bol.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ará Ifẹ̀ kò wá físíìsì lọ, nítorí náà ká má fi oyè tí kì í ṣe tiwọn dá wọn lọ́lá. Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé àwọn ni wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni agbára ẹ̀rí yìí wà: ọ̀nà méjì tí kò mọ ara wọn ló já sí ibì kan náà. Òmíràn á ní gúrúùpù Lorentz, tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò Einstein yìí, ti tó àwọn onífísíìsì. Á ní aago sátẹ́láìtì tí awakọ̀ fi ń wá ọ̀nà láti Ìyànà-Ìpàjà lọ sí Ayọ̀bọ́ ní Èkó ń fi nǹkan bí ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan yá ju ti ilẹ̀ lọ lójúmọ́, wọ́n sì ń tún un ṣe láìdárúkọ Bol. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, gúrúùpù Lorentz kó ìyára àti ìyípo pọ̀ ni. Bí a bá yọ ìyára sọ́tọ̀, lúùpù ló kù lọ́wọ́ wa, gbogbo ohun tí áljẹ́brà bá sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nípa gbogbo lúùpù Bol di òtítọ́ nípa ìyára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òbí tó bá wà ní Ìpàjà, tí ọmọ rẹ̀ sì ní òun fẹ́ lọ ka ìṣirò pọ́ńbélé ní Ifẹ̀, kó má dá a dúró.