Kẹ̀kẹ́ Àwọn Bàbá Wa: Ṣé Bó Ṣe Ti Nottingham Dé Ni Ká Dá A Padà Sí?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́dún yìí lè dà bí eré létí àwọn kan, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé rú láàrín wa. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Àwọn ọmọ wa ń gbé kẹ̀kẹ́ tí bàbá àti bàbá-bàbá wọn fi sílẹ̀ jáde láti inú yàrá ẹrù, wọ́n ń tún un ṣe. Ìdílé kan wà tí ẹ̀gbọ́n ní kí kẹ̀kẹ́ bàbá wọn rí gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde nílé iṣẹ́, tí àbúrò sì búra pé ẹnikẹ́ni kò ní fi ayùn kan káríà tí alágbẹ̀dẹ rọ fún bàbá òun. Ta ló jàre?

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ ká mọ ìtàn. Lọ́dún 1885 ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní Coventry, èyí tí ṣéènì ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́dún 1888 ni John Boyd Dunlop gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ọdún yẹn náà sì ni Frank Bowden dá ilé iṣẹ́ Raleigh sílẹ̀ ní Nottingham. Nígbà tí owó kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nílẹ̀ Yorùbá, kẹ̀kẹ́ wà lára ohun tí àgbẹ̀ ń fi ra iyì. Ọkọ̀ ojú irin dé Kano lọ́dún 1912, àwọn bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ibòmíràn sì bá a wá sókè Ọya. Rélùwéè ń gbé ẹrù dé ìlú ńlá ni. Láti ìlú ńlá dé ọjà abúlé, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbára lé.

Àwọn àgbà mọ kẹ̀kẹ́ láti ara irin róbótó tí ṣéènì ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà. Ti Raleigh ní orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn mẹ́ta, ti Rudge ní àtẹ́lẹwọ́, ti Humber sì ní àwọn ènìyàn kéékèèké yíká. Àwọn bàbá a máa jiyàn lórí èyí tó lágbára jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ Raleigh ti gba Humber lọ́dún 1932, ó gba Rudge lọ́dún 1943, ọwọ́ kan náà ló sì ń ṣe gbogbo wọn. Láàrín ọdún 1970 sí 1979, Kano pàápàá ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to Raleigh pọ̀. Èwo gan-an wá ni à ń pè ní “bó ṣe jáde nílé iṣẹ́”?

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ti wà láti ọdún 1955, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì fi ọ̀rọ̀ òótọ́ ṣeré. Nọ́ńbà ara irin kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Bí ó bá jẹ́ oníjíà mẹ́ta ti Sturmey-Archer, wọ́n á nu ọ̀rá kúrò lára irin àárín táyà ẹ̀yìn, nítorí a sábà máa ń tẹ ọdún tí a ṣe é síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì kò ní irin dídán púpọ̀. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kun ohun tó yẹ kó máa kọ mànà, torí ogun ti gba irin tó dára. Ẹni tó bá wá lọ fi irin dídán sí kẹ̀kẹ́ ọdún 1943, ó ti pa ìtàn ogun rẹ́ lára rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà. Ojú ìdè Raleigh jẹ́ 26 nínú ínṣì kan, ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yòókù jẹ́ 24. Bí a bá fi agídí dè é, a ó ba ojú irin náà jẹ́, kò sì ní ṣeé tún ṣe mọ́. Ní ti èyí, kò sí “bó ṣe wù mí” níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò gun kẹ̀kẹ́ bí wọ́n ṣe rà á. Wọ́n so rọ́bà aláràbarà mọ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fi dígí sí i lọ́tùn-ún lósì, wọ́n fi òdòdó oníke sí iwájú, wọ́n sì ní kí oníṣẹ́ ọ̀dà kọ orúkọ tàbí àdúrà sí mọ́gáàdì. Káríà ilé iṣẹ́ kò lè gbé àpò gaàrí méjì, nítorí náà alágbẹ̀dẹ rọ òmíràn. Àwọn agbẹ́gilére wa náà kò gbẹ́yìn. Ère ọkùnrin Yorùbá kan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Newark, Amẹ́ríkà. Nígbà ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà kan ní New York lọ́dún 1987, òǹkọ̀wé nì, James Baldwin, mú un láàrín àwọn tó yàn. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò dúró de ìwé ìwọ̀n láti Nottingham.

Èrò tiwa nìyí: àbúrò ló jàre lórí káríà, ẹ̀gbọ́n ló jàre lórí ìdè àti bíréèkì. Ohun tí ọwọ́ bàbá fi kún kẹ̀kẹ́ ti di ara kẹ̀kẹ́. Èyí tí a kò fara mọ́ ni ìfẹ́ inú tiwa ti òní, bíi kíkun Raleigh ní àwọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè (a ti fojú rí i o), tí ọ̀dà tuntun sì bo orúkọ bàbá mọ́lẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Nottingham ti dáwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣíṣe dúró láti ọdún 2002, àwọn tó mọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sí mọ́gáàdì náà sì ń dínkù. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ọ̀dà, ẹ ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ náà yíká. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ síwájú màmá tàbí àbúrò bàbá tó ṣì wà láyé, kí ẹ bi í léèrè ibi tí wọ́n ti rà á, ẹni tó rọ káríà rẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa ń dì sí i. Ohunkóhun tí ẹ bá tú kúrò, ẹ dì í sínú àpò kan, kí ẹ so ó mọ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ wà.