Ogún Ọmọdé Kì Í Ṣeré Gba Ogún Ọdún: Àlàyé Lórí Eré Ìta ní Sabon Tasha

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ìgbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ tú ká ni òwe yìí sábà máa ń jáde lẹ́nu àgbà: nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá parí ìwé mẹ́wàá, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ bá ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ, tàbí nígbà tí arúgbó bá ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣe kékeré, tí kò sì mọ ibi tí ìdajì wọn wọlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń túmọ̀ òwe kà á sí ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán, pé kò sí ohun tí kì í lópin. Ìtumọ̀ yẹn kò kùnà, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Bí a bá tú òwe náà wò dáadáa, eré kọ́ ni ó sọ pé ó ń parí. Àwọn tó ń ṣe é ni wọ́n ń tú ká. Eré òṣùpá ti wà kí ogún ọmọdé kan tó dé agbo, ó sì ń bẹ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ. Ohun kejì ni pé ọdún ni òwe fi ìtúká náà lé lọ́wọ́, nítorí ọdún ló ń sọ ọmọdé di ẹni tó ń wáṣẹ́, tó ń wá aya tàbí ọkọ, tó sì ń wá ibi tí yóò kọ́lé sí. Kókó méjèèjì yìí ló yẹ kí a mú dání bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìrántí eré ìta ní Sabon Tasha, àdúgbò kan ní ìhà gúúsù ìlú Kaduna, níbi tí àwọn ọmọdé ti tú ká lọ́nà méjì: ọ̀kan tí òwe mọ̀, àti ọ̀kan tí òwe kò mọ̀ rí.

“Ibùdókọ̀ tuntun” ni ìtumọ̀ Sabon Tasha ní èdè Haúsá. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Chikun ni ó wà, ní ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ láti Kaduna sí Kachia, Narayi àti Ungwan Boro sì wà lára àwọn àdúgbò tó múlé gbè é. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Gwari, ni wọ́n ń dáko ní agbègbè yìí kí ìjọba amúnisìn tó gbé olú-ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá sí Kaduna ní 1917. Ojú irin tó ti Èkó wá àti èyí tó ti Port Harcourt wá pàdé ní ìlú náà, orúkọ ìpàdé wọn ni Kaduna Junction, ibẹ̀ sì ni òṣìṣẹ́, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìhà gbogbo. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, tí àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo rọ̀bì sí ọ̀nà Kachia kan náà ní 1980, àwọn tó ń wá yàrá háyà pọ̀ sí i ní gúúsù ìlú. Báyìí ni àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn ṣe di aládùúgbò Bajju, Adara, Atyap, Ham, Igbo, Idoma àti Haúsá.

Èyí ló mú kí ogún ọmọdé Sabon Tasha yàtọ̀ sí irú èyí tí ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà ní lọ́kàn. Ní agbo ilé Yorùbá àtijọ́, ọmọ ìyá, ọbàkan àti ọmọ ará ilé ni wọ́n jọ ń ṣeré. Àgbà kan ṣoṣo lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó mọ baba tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú ilé ayálégbé tí yàrá kọjú sí yàrá, ọmọ Yorùbá lè bá ọmọ Bajju pín ògiri, kí ti Igbo wà ní òdìkejì, kí gbogbo wọn sì máa pọnmi níbi kànga kan náà. Haúsá ni wọ́n fi ń pín ẹgbẹ́, òun ni wọ́n fi ń jiyàn, òun náà ni wọ́n fi ń parí ìjà. Bí ìyàwó bàbá tàbí ìyá bá sì pe ọmọ láti ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà á yí ahọ́n padà, á dáhùn “Ẹ mà” ní èdè ilé, á sì sáré lọ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán an.

Eré tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe kò ti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kan ṣoṣo wá. Ọmọ Yorùbá mú bojúbojú wá, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ bo ojú ẹnì kan kí àwọn yòókù tó sá pamọ́. Ó mú òkòtó wá, ìkarahun kékeré tí a ń ta lórí ilẹ̀ kí ó máa pòòyì. Ó sì mọ súwè, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan fò lórí ilà tí a fà sílẹ̀, tí ọmọ Haúsá náà ní irú rẹ̀, tí ó ń pè é ní 'yar gala-gala. Nínú langa tí àwọn ọmọkùnrin Haúsá ń ṣe, ọmọ á fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ kan mú sẹ́yìn, á máa fi èkejì fò, á sì gbìyànjú láti dé ibi àmì kí àwọn alátakò tó bì í ṣubú. Carafke jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin: wọ́n á ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sókè, wọ́n á kó àwọn tó wà nílẹ̀, wọ́n á sì hán ti òkè kí ó tó já bọ́. Àwọn àgbà náà kò gbẹ́yìn lábẹ́ igi. Ọpọ́n ayò Yorùbá ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, ẹni tó bá mọ iye ka ló ń pa á. Ihò 30 ni wọ́n ń gbẹ́ sínú yanrìn fún dara ti Haúsá, òṣèré kọ̀ọ̀kan á kó ọmọ 12 dání, ẹni tó bá sì to mẹ́ta sórí ilà kan á yọ ọ̀kan nínú ti ẹnìkejì rẹ̀ kúrò.

Nínú gbogbo wọn, gaɗa ló fi ohun tí eré ìta ń kọ́ ọmọdé hàn jù. Àwọn ọmọbìnrin á pa agbo, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa kọrin, ọ̀kan nínú wọn á sì sọ ara rẹ̀ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, kí àwọn yòókù fi ọwọ́ gbà á kí ó má baà kanlẹ̀. Ọmọ tí kò fọkàn tán ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe gaɗa, ẹgbẹ́ tó bá sì jẹ́ kí ọmọ ṣubú ti ba ara rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Johan Huizinga, onímọ̀ ìtàn ará Netherlands, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Homo Ludens ní 1938 pé eré ní ààyè tirẹ̀, àkókò tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀, àti pé láti inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣà ọmọ ènìyàn ti hù jáde. Ọmọ tó dàgbà sí Sabon Tasha kò nílò ìwé kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí òbí kankan tó wá ṣòfin fún wọn nínú agbo; àwọn ni wọ́n ń fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó jẹ̀bi, ní èdè tí kì í ṣe ti ìyá ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ojú ọjọ́ ló ń yan eré. Láti nǹkan bí Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀ ní Kaduna, ìkùukùu kì í sì jẹ́ kí òṣùpá yọjú dáadáa, nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni eré òṣùpá ń gbèrú. Mángòrò máa ń pọ́n kí òjò tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ó sì máa ń kó àwọn ọmọ lọ sábẹ́ igi. Nínú oṣù ààwẹ̀, tó bá ti di nǹkan bí òru kẹwàá, àwọn ọmọ Haúsá á bẹ̀rẹ̀ tashe, eré alẹ́ tí wọ́n ń múra bí arúgbó tàbí bí ìyàwó, tí wọ́n ń lù, tí wọ́n ń kọrin láti ojúlé dé ojúlé fún owó tàbí oúnjẹ. Ọmọ Yorùbá kò ka èyí sí àjèjì, nítorí ní ilẹ̀ Yorùbá àwọn ọ̀dọ́ ajísààrì pẹ̀lú ń fi orin wéré jí àwọn aláàwẹ̀ lóru. Bí ó bá wá di ọjọ́ ọdún, Kérésìmesì tàbí Iléyá, àwo ìrẹsì àti ẹran á máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, àwọn ìdílé á sì kó ọmọ lọ ṣe fàájì ní ọgbà Gamji tó wà létí odò Kaduna.

Bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ló so pápá àdúgbò mọ́ ayé. Ní 1965 ni wọ́n kọ́ Pápá Ìṣeré Ahmadu Bello sí Kaduna, ibẹ̀ sì wà lára àwọn pápá tí Nàìjíríà lò nígbà tó gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní 1999. Ìlú yìí ni wọ́n bí Rashidi Yekini sí ní 1963, ọmọ Yorùbá tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ìrá ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL kí ó tó lọ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn. Kaduna náà ni wọ́n bí Daniel Amokachi sí ní 1972, ẹni tí ìdílé rẹ̀ wá láti Benue, tó sì jáde láti ẹgbẹ́ Ranchers Bees. Ní ọjọ́ 21, Oṣù Kẹfà, 1994, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wọ àwọ̀n Bulgaria, Amokachi sì gbá ìkejì wọlé kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Nínú góòlù mẹ́ta ọjọ́ náà, ọmọ bíbí Kaduna ló ni méjì. Celestine Babayaro, Tijani Babangida àti Garba Lawal, tí wọ́n bí sí ìlú kan náà, wà pẹ̀lú Amokachi nínú ẹgbẹ́ tó gba wúrà Olimpíìkì ní 1996. Kì í ṣe ẹ̀yà kan tàbí ẹ̀sìn kan ló bí àwọn wọ̀nyí.

Ìtúká tí òwe mọ̀ kò yọ irú àwọn gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Yekini kú ní 2012, Ìrá ni wọ́n sì sin ín sí. Ní ti àwọn tí òkìkí wọn kò kàn, ilé-ìwé gíga kó àwọn kan lọ, ìgbéyàwó kó àwọn kan, ọrọ̀ ajé sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ, pàápàá lẹ́yìn tí Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn ní 2002 tí UNTL náà sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2007, tí àwọn òbí tí kò níṣẹ́ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í darí sílé. Irú ìtúká yìí dunni, ṣùgbọ́n kò sí ìkórìíra nínú rẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ bá pàdé ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, Haúsá á sì tún dé sí wọn lẹ́nu.

Ìtúká kejì yàtọ̀. Ní ọjọ́ 21, Oṣù Kejì, 2000, rògbòdìyàn lórí òfin Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀ ní Kaduna, ó tún ṣẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún ọdún náà, ẹ̀mí tó ṣòfò sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn olórí ẹ̀sìn fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Oṣù Kẹjọ, 2002, síbẹ̀ oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìjà mìíràn tún dé, èyí tí ọ̀rọ̀ ìdíje ẹwà àgbáyé dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó kúrò ní Sabon Tasha àti àwọn àdúgbò gúúsù, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kó kúrò ní Rigasa àti Tudun Wada, odò Kaduna sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ààlà láàárín ẹ̀sìn méjì. Àwọn Yorùbá mọ ìrora èyí lọ́nà tí ó jẹ́ tiwọn, nítorí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà nínú ìdílé Yorùbá. Láàárín ọdún mẹ́ta péré ni àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń di ara wọn mú nínú gaɗa yà, kì í sì í ṣe ọdún ló yà wọ́n.

Nítorí náà, àṣìlò òwe ni kí ẹnikẹ́ni wo àdúgbò tí ìjà tú ká, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì wí pé bẹ́ẹ̀ ni ayé rí. Òwe gba kí ìdàgbà, iṣẹ́ àti ìgbéyàwó pín àwọn ọmọdé níyà. Kò gba kí iná àti àdá ṣe é. Bákan náà, níwọ̀n bí ogún ọmọdé kan kò ti ní pẹ́ nídìí eré, ojúṣe àgbà ni láti rí i pé ogún mìíràn bá ilẹ̀ níbẹ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989 fi eré sí ara ẹ̀tọ́ ọmọ ní abala 31, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé Nàìjíríà ti 2003 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Òfin nìkan kò lè pa agbo eré. Kí àwọn tó ń pín ilẹ̀ ní Chikun dá pápá sí kí wọ́n má tà á tán fún olókòwò, kí àwọn ilé-ìwé tó wà ní ìhà méjèèjì odò máa pe ara wọn sí ìdíje, kí àwọn òbí tó kúrò níbẹ̀ sì sọ orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, fún àwọn ọmọ wọn láìfi ìkankan pamọ́.